Agẹrun Tí Kò Lè Yíjú Padà

Tí ẹ bá rí ọkùnrin àgbàlagbà kan tó jáde lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó rọra fara ti ẹ̀gbẹ́ ògiri, tó wọ ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé aránṣọ, tó sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà, kò sí ohun tí ẹ máa rò ju pé bàbá yìí ń na ẹsẹ̀. Bí gbogbo àdúgbò ṣe rò ó náà nìyẹn. Wọ́n ń yìn ín. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ oríkèé ìbàdí rẹ̀, tí wọ́n fi irin rọ́pò, tó wá ń rìn yí ilé po báyìí, akọni ni. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ òótọ́ ibẹ̀ kí ìyìn má baà pọ̀ jù. Kì í ṣe pé ó ń na ẹsẹ̀ rárá. Ife omi tó gbàgbé sórí tábìlì nínú yàrá ló fẹ́ padà lọ mú, ẹ̀rù sì ń bà á láti yíjú padà.

Bàbá Má-mira ni wọ́n ń pè é. Agẹrun ni, ó sì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà débi pé àwọn tó gẹ irun fún nígbà tí wọn ò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì ti ń mú ọmọ tiwọn wá bá a. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún gbogbo wọn, àti ẹni tó ń tòògbé lórí àga, àti ẹni tó ń rojọ́ ilé rẹ̀: "Má mira." Bí wọ́n bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní má mira. Bí kòkòrò bá bà lé wọn nímú, ó ní má mira. Ìgbà tó yá, orúkọ náà lẹ̀ mọ́ òun fúnra rẹ̀ lára.

Àga irin tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù náà jẹ́ irú èyí tó yẹ kó máa yí, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ti dípẹtà látọjọ́ tó pẹ́. Oníbàárà kì í yí níbẹ̀, agẹrun ló ń yí. Ọwọ́ òsì rẹ̀ á wà lórí tàbí léjìká oníbàárà, ọwọ́ ọ̀tún á mú ẹ̀rọ ìgẹrun, wáyà ẹ̀rọ á sì máa wọ́ tẹ̀ lé e láti ara ògiri tó wà lábẹ́ dígí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé bí èèyàn bá gba apá ọ̀tún yí àga ká, dandan ni kó gba apá òsì padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wáyà á lọ́ mọ́ ìdí àga. Má-mira kì í ronú sí i mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń bá a rántí.

Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ gbàgbé lọ̀ràn dé. Oníbàárà kan ń sọ bí àbúrò rẹ̀ ṣe fẹ́ gbé ewúrẹ́ wọ takisí, tí dírẹ́fà ní kí ewúrẹ́ náà san owó tirẹ̀. Má-mira ń rẹ́rìn-ín, ó ń gẹ irun, ó ń yí lọ sápá ọ̀tún, ó tún ń yí lọ sápá ọ̀tún. Wáyà lọ́ mọ́ ìdí àga, ó sì lọ́ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, kò fura. Ìgbà náà gan-an ni ọmọbìnrin rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo tó bí, tó ń gbé ìlú tó jìnnà, dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó sì fi ayọ̀ ké pè é: "Bàbá mi!" Inú bàbá dùn. Ó fi ẹsẹ̀ kan yí bìrí, wáyà ò sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ kejì bá a lọ. Ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì kanlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì gbọ́ ìró egungun náà kí ìrora tó dé.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Má-mira ṣubú, ẹ̀yìn gan-an ni kò lè wò mọ́.

Àwọn dókítà ṣe tiwọn. Wọ́n yọ oríkèé tó fọ́, wọ́n fi onírin sí i, wọ́n rán an, ojú ọgbẹ́ sì jinná dáadáa. Wọ́n kọ́ ọ bó ṣe máa dìde, bó ṣe máa jókòó àti bó ṣe máa lo ọ̀pá. Wọ́n ní kó má ṣe fi ẹsẹ̀ tuntun yẹn yí bí òòyì. Bó bá fẹ́ yí, kó máa gbé ẹsẹ̀ méjèèjì díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Nígbà tó délé, ó rìn lọ síwájú bí ọkùnrin. Àmọ́ bó ṣe dé iwájú dígí, tó fẹ́ yí padà, àyà rẹ̀ já. Ó ń ṣe é bíi pé wáyà ti dì mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wolẹ̀, kò sí wáyà kankan níbẹ̀. Ó tún fẹ́ yí, wáyà tún dì í mú. Òógùn bò ó, ó sì di dígí mú títí ara rẹ̀ fi wálẹ̀. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n ekòló tiẹ̀ wà nílẹ̀ tí wọ́n ń sá fún. Kí wá ni ti ẹni tó ń sá fún ilẹ̀ lásán?

Láti ọjọ́ náà ló ti wá ọgbọ́n dá sí i. Ilé rẹ̀ ní ilẹ̀kùn méjì, ti ṣọ́ọ̀bù níwájú, ti yàrá lẹ́yìn, nítorí náà kò pọn dandan kó yí. Á kàn rìn yí ilé po ni. Ilé ìyàgbẹ́ tí kò ní ilẹ̀kùn méjì ńkọ́? Ẹ̀yìn ló fi ń wọ ibẹ̀, bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń wọ ọgbà tóóró, ọwọ́ kan lára ògiri, ọwọ́ kan lórí ọ̀pá. Ọmọ rẹ̀ bá a bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń fi ẹsẹ̀ mi kọ́ṣẹ́ méjì pọ̀ ni jàre. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ná owó tó báyìí lé lórí, ṣé iwájú nìkan ló máa mọ̀?"

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Aránṣọ aládùúgbò náà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti ojú fèrèsé.

"Bàbá Má-mira, ẹ ti di ọwọ́ aago o! Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa yí ilé yìí po lónìí?"

"Iwájú-iwájú lọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí," ni Má-mira dá a lóhùn, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ọ̀ràn burúkú toun tẹ̀rín. Ẹ̀rín náà ò kọjá eyín rẹ̀. Bó ṣe ń wọ ọ̀nà tóóró yẹn ni ọkàn rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, nítorí ó mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá pe òun lẹ́yìn báyìí, òun gbé.

Ọmọ rẹ̀ ní tirẹ̀ kì í pè é lẹ́yìn. Ọmọ náà ti gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́ láti wá tọ́jú rẹ̀, àmọ́ láti ọjọ́ ìṣubú yẹn, kò pe bàbá rẹ̀ láti ẹ̀yìn mọ́. Bó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, á rìn yí i ká títí á fi dé iwájú rẹ̀, á dúró kí bàbá rí òun, kó tó la ẹnu. Kódà bí oúnjẹ ń jóná, ẹsẹ̀ ló fi ń wá a, kì í ké. Má-mira rò pé àánú ni, pé ó ń ṣe òun bí ọmọ ọwọ́. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n kò sọ.

Ohun tó wá ń pá a láyà ju gbogbo rẹ̀ lọ ni àdéhùn tí wọ́n ṣe. Ààyè tí ọmọ gbà ti ń parí lọ. Ó jókòó síwájú bàbá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Bàbá, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà lọ sọ́sibítù kí wọ́n wo ìrìn yín, ohun tí wọ́n bá sọ la máa ṣe. Tí wọ́n bá ní ẹ lè dá wà, mo máa padà sẹ́nu iṣẹ́, kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Tí wọ́n bá ní ẹ ò lè dá wà, ẹ máa bá mi lọ."

"Bá ẹ lọ síbo?"

"Sílé mi, Bàbá. Ibo tún ni?"

Ilé ọmọ rẹ̀ wà lókè téńté ilé gíga kan, fèrèsé ibẹ̀ sì dojú kọ ògiri ilé mìíràn. Má-mira ti lọ síbẹ̀ rí. Kò sí orí ẹnikẹ́ni tó máa gẹ níbẹ̀. Onílé tó fi ṣọ́ọ̀bù àti yàrá náà háyà fún un sì ti ń sọ ọ́ kiri pé ẹni tó ń ta fóònù ti ń béèrè ibẹ̀. Má-mira mọ̀ pé bí òun bá fi àga irin yẹn sílẹ̀, òun ò ní rí i mọ́. Ó ní, "Ó dáa, ìyá mi. Ohun tí wọ́n bá sọ la máa ṣe."

Ọjọ́ náà pé. Yàrá tí wọ́n mú un lọ lọ́sibítù gùn, ilẹ̀ rẹ̀ sì ń dán débi tí ojú fèrèsé fi hàn nínú rẹ̀. Má-mira kórìíra ilẹ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Àga alápá kan wà lẹ́bàá ògiri, wọ́n sì lẹ téèpù pupa mọ́lẹ̀ ní ọ̀ọ́kán. Obìnrin tó ń wo ìrìn àwọn aláìsàn kò ju ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀ lọ, ó já fáfá, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Olùkọ́ Ìrìn ni Má-mira ń pè é láti ìgbà tó ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀pá. Ọmọ bàbá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó fi báàgì ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà.

"Bàbá, iṣẹ́ ò pọ̀," ni Olùkọ́ Ìrìn wí. "Ẹ máa dìde lórí àga yìí, ẹ rìn dé ibi téèpù yẹn, ẹ yí padà, ẹ rìn bọ̀, kẹ́ ẹ wá jókòó. Kò sẹ́ni tó ń lé yín."

Ó wá mú bẹ́líìtì fífẹ̀ kan, ó dè é mọ́ ìbàdí bàbá, ó sì di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Ààbò ni, kí bàbá má baà kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wáyà ti dè rí, kí ni ẹ rò pé ó máa rò nígbà tí wọ́n tún de nǹkan mọ́ ọn lára?

Ó dìde dáadáa. Ó rìn dáadáa. Ó dé ibi téèpù pupa, ó wò ó nílẹ̀, wáyà ni ojú rẹ̀ rí. Kò yí. Ó tẹ ẹsẹ̀ kọjá téèpù, ó kọrí sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan tó wà níbẹ̀, ó fọwọ́ ra irin bẹ́ẹ̀dì, ó gba ìsàlẹ̀ fèrèsé, ó yí gbogbo yàrá po bí ẹni tó ń wá ilé tó máa háyà, Olùkọ́ Ìrìn sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú bẹ́líìtì. Ó padà sídìí àga, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀.

"Bàbá," ni Olùkọ́ Ìrìn wí, "níbo lẹ lọ?"

"Ibi tẹ́ ẹ ní kí n lọ náà ni mo lọ, mo sì ti dé."

"Mo ní kẹ́ ẹ yí padà ni. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ kí àwọn ará ilé."

Má-mira fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Ó rí i pé ọmọ òun ti gbé ojú sókè, ó ń wo òun, gbogbo yíyí ilé po yẹn sì ń yé e lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ibẹ̀. Kò sí ọgbọ́n tó kù.

"Ọmọ mi," ó sọ fún Olùkọ́ Ìrìn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "mi ò tíì yí padà láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù náà pọ̀ gan-an."

Olùkọ́ Ìrìn ò bá a wí. Ó béèrè bó ṣe ń ṣe é, Má-mira sì sọ ti wáyà fún un. Obìnrin náà ronú díẹ̀. Ó wá dúró sí iwájú bàbá, ó kẹ́yìn sí i, ó tẹ orí ba.

"Irun mi ti kún, Bàbá. Ẹ gẹ ẹ́ fún mi."

"Irun obìnrin?"

"Ẹ ṣe bíi pé tọkùnrin ni."

Má-mira dìde. Ó gbé ọwọ́ òsì lé e léjìká, ọ̀pá sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún níbi tí ẹ̀rọ ìgẹrun yẹ kó wà. Láìmọ ìgbà tó sọ ọ́, ó ní, "Má mira." Ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ fúnra wọn, díẹ̀díẹ̀, yí obìnrin náà ká lápá ọ̀tún. Nígbà tó yí i ká tán, ó tún gba apá òsì padà.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ tún ń padà?"

"Wáyà," ni Má-mira wí. "Bí a ṣe lọ́ ọ ni wọ́n ṣe ń tú u."

"Ẹ máa tú u lọ." Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń rọra yọ èjìká kúrò lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó di bẹ́líìtì mú. Nígbà tí Má-mira máa fi mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lófuurufú, kò gbé e lé ẹnikẹ́ni, ó sì ti yí padà. Ẹ̀rù wá bà á lẹ́yìn tó ṣe é tán. Gbogbo ara rẹ̀ gbọ̀n, Olùkọ́ Ìrìn sì ní láti gbá a mú.

"Ó ku ẹyọ kan, Bàbá," obìnrin náà wí nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, "òun ló sì le jù. Ní ṣọ́ọ̀bù yín, kò sẹ́ni tó máa sọ pé kẹ́ ẹ múra sílẹ̀, òun fẹ́ pè yín. Ẹ máa rìn lọ síbi fèrèsé yẹn. Wọ́n á pè yín láti ẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá yí láìyẹsẹ̀, mo máa fọwọ́ sí i pé kẹ́ ẹ padà sídìí iṣẹ́ yín. Tí ẹsẹ̀ bá yẹ̀, mo dì yín mú, ẹ ò ní kanlẹ̀. Àmọ́ mi ò ní lè fọwọ́ sí i." Ó wá kọjú sí ọmọ bàbá. "Ẹ̀yin lẹ máa pè wọ́n."

Má-mira ti kọjú sí fèrèsé. Kò rí ọmọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ nìkan ló gbọ́.

"Rárá o. Ẹ̀yin, ẹ bá mi pè wọ́n."

"Ohùn yín ni wọ́n máa gbọ́ nílé, kì í ṣe tèmi."

"Mi ò lè pè wọ́n." Ohùn náà já. "Èmi ni mo pè wọ́n lọ́jọ́ yẹn. Mi ò tíì pè wọ́n mọ́ látìgbà yẹn. Ẹnu mi yìí ló ṣẹ́ egungun Bàbá mi."

Gbogbo nǹkan wá yé Má-mira. Yíyí tó ń yí òun ká, dídé tó ń dé iwájú òun kó tó sọ̀rọ̀, kì í ṣe àánú. Ẹ̀rù ni, bíi ti òun, inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì sì ti ń gbé e kiri tí ẹnì kan ò sọ fún ẹnì kejì. Ó fẹ́ yí padà kó wo ojú ọmọ rẹ̀. Wáyà dì í mú. Fèrèsé ló bá sọ̀rọ̀.

"Ìwọ kọ́ o. Wáyà ni. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, èmi ni mi ò tú u. Ṣó o gbọ́? Pè mí, ìyá mi."

Má-mira bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó retí ìpè náà, kò dé. Ó gbé òmíràn, etí rẹ̀ le gbagidi, kò dé. Ìpè tí kò dé yìí wá ń dẹ́rù bà á ju èyí tó dé lọ. Fèrèsé ń sún mọ́ ọn. Bó bá dé ibẹ̀ tán tí ẹnikẹ́ni ò pè é, ṣọ́ọ̀bù ti lọ, àga irin ti lọ, ó di ilé orí òkè níwájú ògiri ilé ẹlòmíràn. Òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan fèrèsé.

"Bàbá mi."

Kò dún ju ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lọ. Síbẹ̀ ó gbá a láyà bí ẹni tí wọ́n tì. Ara rẹ̀ fẹ́ yí bìrí bíi ti ọjọ́sí, wáyà sì fún ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ pinpin. Ẹsẹ̀ tuntun náà gbọ̀n. Ó mọ̀ pé òun ń ṣubú lọ, ó mọ̀ pé bẹ́líìtì ti le lẹ́yìn òun. Ó wá rántí pé apá ọ̀tún ni òun lọ́ wáyà yẹn sí lọ́jọ́ náà, òun ò sì tíì tú u. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì, díẹ̀. Ó fi ọ̀tún tẹ̀ lé e, díẹ̀. Apá òsì ló ń gbà, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì nà sí afẹ́fẹ́ bíi pé orí ẹnì kan wà níbẹ̀. Ó ń bẹ̀rù, ó sì ń tú u. Ògiri kọjá lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì kọjá, àga kọjá. Ilẹ̀kùn dé.

Bẹ́líìtì ti dẹ̀. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, báàgì ti jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ki ìka bọ etí méjèèjì kó má baà gbọ́ ìró egungun, ó sì di ojú rẹ̀ pinpin.

Má-mira rìn lọ bá a, ó yọ ìka kan kúrò létí rẹ̀.

"La ojú ẹ," ó ní. "Mo ṣì wà lórí ìdúró."